Eyín Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ Tó Wà Lórí Pẹpẹ Dókítà

Ìfura loògùn àgbà. Àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ohun tí wọn ò sọ fún wa ni ìwọ̀n tó yẹ kéèyàn lò. Ọkùnrin kan lò ó yó, ó tún bù kún un, ohun tó sì tìdí ẹ̀ yọ ni mo fẹ́ rò fún yín. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n rò ó. Ó ní òun ò lè fẹnu òun sọ ọ́ tán, torí ẹnu náà gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ó ní kí n má gbè sẹ́yìn òun rárá, mo sì ti gbà fún un.

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ làwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè é. Fèrè idẹ ló ń fun nínú ẹgbẹ́ olórin kan. Bó bá ti gbé fèrè sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ méjèèjì á wú bíi ti ẹni tó gba omi sẹ́nu tí kò tíì fẹ́ gbé e mì. Bí wọ́n bá ń sin àgbàlagbà, bí iléèwé bá ń ṣí gbọ̀ngán tuntun, ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n máa ń pè, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ló sì máa ń ṣíde orin. Òun nìkan ni yóò kọ́kọ́ fun, àwọn tó kù á dákẹ́. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ á gbé ọwọ́ dúró. Ìyàwó ẹ̀ sọ fún mi pé fèrè yẹn lòun kọ́kọ́ fẹ́, pé ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀ kàn bá fèrè wọlé ni.

Eyín òkè kan wà níwájú ẹnu ẹ̀ tó wọ́. Nígbà tó wà lọ́mọdé ló jábọ́ lórí ògiri, látìgbà náà ni eyín ọ̀hún ti gun èkejì ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó ń yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò fi tijú rí. Àfìgbà tó di ọdún tí mò ń wí yìí, tí eyín náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún bó bá ti ń fun fèrè.

Kékeré ló júwe dókítà eyín fún un. Kékeré ni igbá kejì ẹ̀ nídìí fèrè, ọ̀dọ́kùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," Kékeré ní. "Ìyá kan náà ló bí wa. Ẹ lọ rí i, ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù."

Òkè ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ń tún bàtà ṣe ni dókítà yìí ti ń ṣiṣẹ́. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, fáànù ń han lókè, gọ́ọ̀mù bàtà sì ń rùn gòkè wá látìsàlẹ̀. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ jókòó, ó la ẹnu kalẹ̀.

"Ẹ pa á dé ná," dókítà ní. "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Fèrè ni mò ń fun."

"Ẹ lọ gbé e wá."

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ rò pé àwàdà ni. Dókítà ní òun ò bá a ṣàwàdà. Bó ṣe padà lọ sílé lọ gbé fèrè nìyẹn, tó wá jókòó sórí àga eyín, tó ń fun fèrè lọ́sàn-án gangan, tí ẹni tó ń tún bàtà ṣe sì ń fi òòlù gbá àjà látìsàlẹ̀. Dókítà ò ka òòlù sí. Ó ń fẹ̀gbẹ́ wò ó, ó ń fìka kan ètè ẹ̀, ó ń ní, "Ẹ tún un fun. Ẹ tún un fun sí i."

Lẹ́yìn náà ló fi nǹkan rírọ̀ kan tẹ eyín ẹ̀, ó sì fi ohun tó tẹ̀ náà ṣe ẹ̀dà eyín ọ̀hún, funfun, líle bí ẹfun, tòun ti eyín tó wọ́ níbi tó wọ́ sí gan-an. Ó gbé e sórí pẹpẹ láàárín tàwọn ẹlòmíì.

"Eyín yín ti sán lẹ́yìn," ó ní. "Màá kọ́kọ́ tọ́jú gbòǹgbò ẹ̀. A óò fún un láyè kó jinná, kí n tó wá fi ìbòrí bò ó. Ó máa pẹ́ díẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bó ṣe wọ́ yìí náà ni màá ṣe fi í sílẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ máa fi í sílẹ̀ ní wíwọ́? Ṣebí ẹ lè tò ó."

"Mo lè tò ó. Mi ò ní tò ó ni. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn yín ń gbà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ọ̀rọ̀ yẹn yé yín. Kò yé Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́. Ó délé, ó dúró síwájú dígí, ó ń wo eyín náà bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò mọ ibi tó ti wá. Ta ló máa rí nǹkan tó wọ́ tí kò ní tò ó, tó bá ṣe pé ire ẹni náà ló ń wá? Kí ló sì dé tó fi máa pẹ́? Inú fu, àyà fu. Ìgbà yẹn ló rántí pé bí eyín òun bá ń dùn títí, Kékeré ni yóò máa ṣíde orin. Ọmọ ìyá Kékeré sì ni dókítà. Tẹni n tẹni, tàkísà ni tààtàn.

Nígbà tó máa padà lọ, ó tètè dé ju bí wọ́n ṣe ní kó dé lọ. Ilẹ̀kùn ò tì tán. Ó rọra yọjú.

Kékeré ló rí láàárín yàrá. Ó di ẹ̀dà eyín Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ mú lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì ti ẹnu fèrè mọ́ ọn níwájú. Dókítà bẹ̀rẹ̀ síwájú ẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ibí yìí ni," Kékeré ń wí. "Gbogbo agbára ẹ̀, ibí yìí ló wà. Bí ibí yìí bá fi lè yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó tán nìyẹn."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Ọdún mélòó ni mo ti ń jókòó tì í?"

Dókítà mi orí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kékeré náà rẹ́rìn-ín.

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ fà sẹ́yìn, ó sọ̀kalẹ̀, kò sì jẹ́ kí àtẹ̀gùn dún. Ó kọjá lára ẹni tó ń tún bàtà ṣe, kò kí i.

Ká ní èmi ni, mo máa wọlé, màá ní kí lẹ̀ ń fi eyín mi ṣe. Ẹ̀yin náà á béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fura tán kì í béèrè nǹkan mọ́, torí ó gbà pé èsì ti wà lọ́wọ́ òun. Láti ọjọ́ náà, bí Kékeré bá kí i, ó ń wo ẹ̀yìn ìkíni. Bí Kékeré bá bá a gbé àpótí fèrè, á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni Eyínfúnjowó yọ. Ó ti wà nínú ẹgbẹ́ olórin yẹn rí, ó ń lu ìlù ńlá. Ní báyìí, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa kó àwọn tó fẹ́ gba ìtọ́jú lọ sí òkè òkun, kó bá wọn wá dókítà, kó bá wọn wá ibi tí wọ́n máa sùn. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é, ẹ ò ní pẹ́ mọ ibi tó ti rí i.

"Wọ́n ní kó o máa dúró?" Eyínfúnjowó ní. "Dúró de kí ni? Níbi tí mò ń kó èèyàn lọ, bó o bá dé lọ́jọ́ Ajé, tó bá fi máa di ọjọ́ Jímọ̀, o ti ń rẹ́rìn-ín níwájú dígí."

"Ṣé wọ́n mọ iṣẹ́ dáadáa?"

"Wò mí." Ó fẹ ẹnu sílẹ̀. Eyín ẹ̀ tò bí àwo tuntun. "Kó o tó mọ̀ mí sí eléyìí, báwo leyín mi ṣe rí?"

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ rántí. Kò dáa.

"Funfun niyì eyín, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ tí gbogbo èèyàn ń wo ẹnu ẹ, eyín tó dojú kọ ibòmíì lò ń gbé kiri. Ta ló sọ fún ẹ pé kó wà bẹ́ẹ̀?"

"Dókítà ni."

"Dókítà tí àbúrò ẹ̀ ń fun fèrè lẹ́yìn ẹ?"

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ò sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, ó dòótọ́ lójú ẹ̀. Kò ro ó pé onítọ̀hún ní ọjà tó ń tà.

"Èmi ò sọ nǹkan kan o," Eyínfúnjowó ní. "Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Ó ṣẹ́ku nǹkan kan tí kò jẹ́ kí ọkàn Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ balẹ̀. Ẹ̀dà eyín tó wà lórí pẹpẹ yẹn. Kò lè sùn kó má rò ó. Kí lèèyàn ń fi eyín ẹlòmíì ṣe lórí pẹpẹ, tí wọ́n á máa mú un sọ́wọ́, tí wọ́n á máa wá ibi tí agbára ẹ̀ wà? Ẹ má bínú, ẹ̀rín pa èmi náà nígbà tó sọ ọ́ fún mi. Kò pa òun.

Ó lọ sọ́dọ̀ dókítà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Dókítà yẹ gbòǹgbò eyín náà wò, ó ní ó ń jinná bó ṣe yẹ. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ kí i, ó gbé garawa ẹ̀, ó jáde. Dókítà wọ yàrá kejì lọ fọwọ́. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ dìde lórí àga, ó nawọ́ gán ẹ̀dà eyín ara ẹ̀, ó gbé e sínú àpótí fèrè, ó sì padà jókòó. Nígbà tí dókítà dé, ó ti ń fi omi yọ ẹnu.

Ẹ̀yìn ilé ìtajà kan tó tì ló ti fi òkúta fọ́ ọ. Ó fọ́ ọ títí eyín kankan ò fi ṣeé dá mọ̀, ó gbá a sínú gọ́tà. Ó ní bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ ló ṣe ń ṣe òun nígbà tí òun ń lọ sílé. Ó ní òun ń súfèé.

Irọ́ tó wá pa fún ìyàwó ẹ̀ rèé. Ó ní ẹgbẹ́ olórin kan lókè òkun ní kí òun wá kọ́ àwọn lóhun tí òun mọ̀.

"Ṣé ẹ ò ní gbé fèrè dání ni?" ìyàwó ẹ̀ bi í.

"Wọ́n ní fèrè níbẹ̀."

Obìnrin náà wò ó. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kò rí i kó sùn níbì kan láìsí fèrè ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó bá a di aṣọ.

Ilé ìtọ́jú tí Eyínfúnjowó mú un lọ mọ́ débi pé bàtà ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ń tì í lójú. Àga pọ̀ níbẹ̀, gbogbo wọn ń yí láìdún. Dókítà ibẹ̀, obìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì mú ẹnìkan wá tó ń túmọ̀ èdè. Wọ́n ya àwòrán ẹnu ẹ̀, wọ́n gbé e sójú ẹ̀rọ gbàgàdà kan lára ògiri, wọ́n sì fi bó ṣe máa rí hàn án kí wọ́n tó fọwọ́ kan eyín. Wọ́n ní kó mú àwọ̀ tó bá wù ú. Ó mú èyí tó funfun jù.

"Kí lẹ fẹ́ gan-an?" obìnrin náà bi í.

"Kí gbogbo ẹ̀ tò. Kó gún."

Ó tún bi í bóyá ó dá a lójú, torí àwọn tó yí eyín náà ká tí nǹkan kan ò ṣe, àwọn náà lòun máa rẹ́ kó tó lè gún régé. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ní ó dá òun lójú. Ohun tó ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe. Wọn ò bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, òun náà ò sì sọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ò tíì pé tó fi ń rẹ́rìn-ín níwájú dígí.

Nígbà tó wọlé, ìyàwó ẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn. Ó rí eyín náà kó tó rí ọkọ ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ta lẹ ra ẹ̀rín yìí fún?"

"Fún ẹ ni. Ṣé kò wù ẹ́ ni?"

"Mi ò sọ pé eyín yín àtijọ́ ò wù mí."

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wọ yàrá, ó tìlẹ̀kùn, ó gbé fèrè sẹ́nu. Afẹ́fẹ́ jáde, fììì. Ó nu ẹnu, ó tún un gbé. Ètè ń wá ibi tó máa ń jókòó sí, kò rí i. Atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sá lọ. Ó ní ara eyín ò tíì mọlé ni. Lọ́jọ́ kejì ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó pe ilé ìtọ́jú náà lórí fóònù, wọ́n fohùn jẹ́jẹ́ bi í bóyá eyín náà ń dùn ún, bóyá ó ń mì. Ó ní rárá. Wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀ nígbà náà, kó padà wá bí ọdún bá yí po. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ó pe Kékeré sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí wọ́n ti ń kọ́ orin.

"Mo fẹ́ kó o máa gba apá tèmi fun díẹ̀díẹ̀," ó ní. "Mo fẹ́ kí ọwọ́ ẹ mọ ọ́n. Àgbà ò ní wà níbẹ̀ títí."

Kékeré wo ẹnu ẹ̀, ó wo ojú ẹ̀. "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n," ó ní.

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ á gbé fèrè sẹ́nu, á wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, á máa tẹ bọ́tìnnì, Kékeré lẹ́yìn ẹ̀ á máa fun. Ẹni tó jìnnà ò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ò balẹ̀. Bí Kékeré bá fun ún dáadáa, á ní ó ń ṣe fọ́ńté. Bó bá ṣe àṣìṣe, á ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí àṣírí òun lè tú. Bí àwọn méjì bá ń sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀, ọ̀rọ̀ òun ni. Ọ̀gá tó ń darí ẹgbẹ́ náà, àgbàlagbà tí etí ẹ̀ mú ju ojú ẹ̀ lọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí wọ́n bá ń ṣíde orin.

Nílé ńkọ́? Ìyàwó ẹ̀ pàdé ọ̀gá yẹn lọ́nà. Ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ yọ̀ǹda ọkọ mi kó lọ kọ́ àwọn ará òkè òkun. Ọ̀gá ní àwọn ará òkè òkun wo? Ó délé, kò bọ́ bàtà tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, ta ni obìnrin náà?"

"Obìnrin wo?"

"Ẹni tẹ́ ẹ parọ́ torí ẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ torí ẹ̀ pààrọ̀ eyín. Ẹ ò fun fèrè nílé mọ́, ẹ̀ ń tìlẹ̀kùn, ẹ̀ ń gbé fóònù lọ sẹ́yìnkùlé. Èmi kì í ṣe ọmọdé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí ló ti ṣe ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí. Ó lè sọ òótọ́ níbẹ̀. Ó rò ó wò: bó bá ní kò sí obìnrin, á ní láti sọ ohun tó wà. Pé fèrè ti tán lẹ́nu òun. Ó sàn lójú ẹ̀ kí ìyàwó ẹ̀ rò pé òun ń yan àlè ju kó mọ̀ pé òun ò lè fun fèrè mọ́. Ó tẹ orí ba, kò fọhùn. Obìnrin náà kó ìrọ̀rí ẹ̀, ó lọ ń sùn ní yàrá àwọn ọmọbìnrin ẹ̀.

Ọjọ́ àṣírí dé. Ọ̀gá iléèwé kan ń fẹ̀yìn tì, gbọ̀ngán kún, àwọn tó kọ́ níwèé látijọ́ jókòó síwájú. Ìyàwó Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wà láàárín wọn torí ọmọ ìwé ẹ̀ lòun náà. Ọ̀gá tó ń darí ẹgbẹ́ gbé ọ̀pá sókè. Kékeré gbé fèrè ẹ̀ lẹ́yìn Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́.

"Kékeré," ọ̀gá ní, kò pariwo, "gbé tìẹ kalẹ̀. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ nìkan ni mo fẹ́ gbọ́."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," Kékeré ní.

"Mo ní kó o gbé e kalẹ̀."

Kékeré gbé e sórí ẹsẹ̀. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wo iwájú, ojú ẹ̀ bá ti ìyàwó ẹ̀. Ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fi gbogbo agbára ẹ̀ fun ún.

Fììì. Bíi kẹ́tùlù tó ń hó. Ọmọdé kan rẹ́rìn-ín, ìyá ẹ̀ bò ó lẹ́nu. Ó tún un fun, ohùn kan jáde, ó ṣẹ́ láàárín, ó yí sí ibòmíì, ó kú. Ọ̀gá ò yí ojú kúrò lára ẹ̀. Òógùn bo Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ títí dé ọrùn.

Láìdúró de àṣẹ, Kékeré gbé fèrè ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ orin náà jẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ sì tẹ̀ lé e. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ gbé fèrè tiẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Ìyàwó ẹ̀ bá a níbi tí wọ́n to àga tó ti ṣẹ́ sí, ó jókòó sórí ọ̀kan.

"Ẹ ya ẹnu," obìnrin náà ní.

Ó ya ẹnu.

"Eyín ni, àbí?"

"Eyín ni."

"Kì í ṣe obìnrin."

"Kò sí obìnrin kankan."

Obìnrin náà jókòó tì í. "Ká ní obìnrin ni," ó ní, "ǹ bá mọ ẹni tí màá bá jà. Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká lọ bá dókítà."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì gun àtẹ̀gùn yẹn. Kékeré ti wà níbẹ̀, ó ti ṣàlàyé. Dókítà ò bá Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wí. Ó ní kó jókòó, ó tan iná sí i lẹ́nu, ó fi irin tẹ̀ ẹ́ kiri, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Iṣẹ́ yìí mọ́," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́ jù mí lọ, mi ò ní parọ́. Ẹ̀yin lẹni náà ò mọ̀."

"Ṣé nǹkan kan wà tẹ́ ẹ lè ṣe?" ìyàwó ẹ̀ bi í.

"Ó wà. Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá. Torí ìdí èyí ni mo ṣe ń tọ́jú ẹ̀dà eyín àwọn tó ń fi ẹnu ṣiṣẹ́. Bí mo bá ní ẹ̀dà yẹn níwájú mi, mo lè ṣe eyín náà padà, bó ṣe wọ́ gan-an, ká yọ tibí kúrò, ká fi tibẹ̀ sí i."

Ó dìde, ó nawọ́ sí pẹpẹ. Ọwọ́ ẹ̀ dúró. Ó gbé ti ẹlòmíì kúrò, ó gbé òmíì kúrò. Kékeré bá a wá a lábẹ́ tábìlì, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n wá a, wọ́n tún un wá. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ jókòó sórí àga, ó ń wò wọ́n.

"Ibí ni mo gbé e sí," dókítà ní. Ó pe obìnrin tó ń gbálẹ̀. "Màmá, ẹ̀dà eyín kan wà níbí. Ṣé kì í ṣe pé ẹ gbá a mọ́ pàǹtí?"

"Mi ò fọwọ́ kan pẹpẹ yín rí, sà."

"Ó ní láti jẹ́ ẹ̀yin ni. Kò sẹ́lòmíì tó ń wọ ibí bí mi ò bá sí. Ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ bà jẹ́?"

Ojú obìnrin náà ti rẹ̀wẹ̀sì. Ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀ bí ẹni tó ń bi í léèrè bóyá òun ṣe é tí òun ò mọ̀. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ sọ fún mi pé òun lè dákẹ́ níbẹ̀. Ó ní òun rò ó.

"Èmi ni," ó ní.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ó tún un sọ. "Ẹ fi obìnrin yìí sílẹ̀. Èmi ni mo gbé e. Mo fi òkúta fọ́ ọ."

"Ẹ fọ́ ọ?" dókítà ní. "Kí ló dé?"

Ó sọ gbogbo ẹ̀. Ilẹ̀kùn tí kò tì, ẹnu fèrè lára eyín, ibí yìí lagbára ẹ̀ wà. Ìyàwó ẹ̀ gbé ọwọ́ lé orí. Kékeré ló dáhùn, ohùn ẹ̀ ò sì gbé sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ fèrè, sà. Mo wá fi ibi tí fèrè ń jókòó sí lẹ́nu yín hàn án, kó má baà ṣèèṣì gé e kù. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tò ó. Torí ohùn yẹn ni mo ṣe wọ ẹgbẹ́ yín."

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ sunkún lórí àga yẹn, ojú ẹ̀ sì ń wo fáànù. Agbálẹ̀ ló fún un láṣọ ìnujú.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé wọn ò lé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Dókítà á mọ eyín kan, á fi sí i, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ á fun fèrè, Kékeré á dijú gbọ́ ọ, á ní, "Kò tíì débẹ̀." Dókítà á rẹ́ díẹ̀ kúrò. Òòlù á máa gbá àjà nísàlẹ̀. Ó pẹ́ púpọ̀, ó pẹ́ ju àsìkò tó sá fún lákọ̀ọ́kọ́. Ohùn kan padà wá. Ó dùn, ó mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ń dá ọwọ́ ẹni tó ń jẹun dúró. Kékeré ló ń ṣíde orin báyìí, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ sì ni igbá kejì. Ìyàwó ẹ̀ ti gbé ìrọ̀rí ẹ̀ padà.

Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ò ní ká má lọ sókè òkun. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ, wọ́n mọ iṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní kẹ́ ẹ kàn sọ iṣẹ́ yín fún wọn kẹ́ ẹ tó ya ẹnu. Ó tún ní bẹ́ ẹ bá bá ilẹ̀kùn tí kò tì, ẹ kànkùn, kẹ́ ẹ wọlé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí ẹ̀, dókítà ṣe ẹ̀dà eyín tuntun náà. Ó nù ún, ó fi bébà wé e, ó gbé e lé Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ lọ́wọ́.

"Ẹ gbé e lọ sílé, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ẹ ò ní gbé e sórí pẹpẹ ni?"

Dókítà yíjú sí pẹpẹ, níbi tí eyín àwọn ẹlòmíì tò sí.

"Tàwọn tó fọkàn tán mi ló wà níbẹ̀," ó ní.

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gbé e sínú àpótí fèrè, níbi tó gbé ti àkọ́kọ́ sí, ó sì sọ̀kalẹ̀.